Rédíò tuntun, SW ń hó lásán: ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ṣakí ni mò ń gbé. Ọmọ mi tó wà nílùú Ọba fi rédíò kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, Tecsun PL-330 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. FM rẹ̀ ń ké ketekete, ṣùgbọ́n tí mo bá ti yí i sí SW (ṣọ́ọ̀tù wéèfù), ariwo "ṣààà" ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀ títí dọ̀sán. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, rédíò bàbá wa máa ń gbé London, Jámánì àti Holland wá láìlàágùn. Ọmọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe lọ́jà ní kí n gbé e wá kí òun tú u wò. Ṣé kí n gbé e fún un? Ṣé mo sì lè fi gbọ́ BBC Yorùbá?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Rédíò tí FM rẹ̀ ń ké, tí SW rẹ̀ kàn ń hó, ó ṣeé ṣe kó má ní àrùn kankan lára. Nínú irú rẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, èyí tó pọ̀ jù ni mo máa ń dá padà láìtú síkúrù kan. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń wá ilé iṣẹ́ rédíò lásìkò tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń wá a, inú ilé tí ariwo iná ti bò ó mọ́lẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wá a.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò báyìí. Ẹ tan SW, ẹ ti ọ̀pá áńtẹ́nà wọlé pátápátá, kí ẹ tún wá fà á jáde tán. Tí ariwo yẹn bá ń lọ sókè bí ẹ ṣe ń fà á, a jẹ́ pé rédíò ń gbọ́ ohun tó wà níta. Tí kò bá yí padà rárá, ìgbà yẹn ni màá fura sí ìdí áńtẹ́nà, níbi tí wáyà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ló máa ń já tí rédíò bá ti ṣubú rí.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ló kàn. FM kì í rìn jìnnà. Ṣọ́ọ̀tù wéèfù ní tirẹ̀ máa ń lọ sókè réré, á kan ìpele kan tí oòrùn ti fi agbára sí nínú òfuurufú, ní bíi kìlómítà 200 sí 400 lókè, á sì padà wálẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lọ́sàn-án, ìpele mìíràn tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn, ní nǹkan bíi kìlómítà 60 sí 90, òun ló ń gbé àwọn nọ́ńbà kékeré (nọ́ńbà tó ń hàn lójú rédíò, tí ẹ fi ń wá ilé iṣẹ́) mì kí wọ́n tó dé òkè. Tí oòrùn bá wọ̀, ìpele ìsàlẹ̀ yìí á pòórá, ọ̀nà á sì là.

Nítorí náà, ọ̀sán ni nọ́ńbà ńlá, alẹ́ ni nọ́ńbà kékeré. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, 15100 sí 15800 kHz ni kí ẹ wò, tàbí 17480 sí 17900. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ bọ́ sí 9400 sí 9900, ẹ wo 7200 sí 7450, ẹ sì wo 5900 sí 6200. Èyí tó wà láàárín wọn, 11600 sí 12100, máa ń dára ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò tiẹ̀ ní tan SW lọ́sàn-án rárá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Aago méje alẹ́ ni mo máa bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ bíi mélòó kan wà lórí afẹ́fẹ́ tí wọ́n dojú ẹ̀rọ wọn kọ Áfíríkà.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn nọ́ńbà yìí dẹ́rù bà yín. 7255 kHz àti 7.255 MHz, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń pè é ní "mítà 41" náà kò ṣìnà: ẹ pín 300 sọ́nà 7.255, mítà 41 ó lé díẹ̀ ló máa fún yín.

Ọ̀rọ̀ aago tún wà níbẹ̀. Aago UTC, ìyẹn aago kan náà tí gbogbo àgbáyé jọ ń lò, ni àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí fi ń kọ àkókò ètò wọn. Aago tiwa ní Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀, tí wọ́n bá ní 18:00 UTC, aago méje alẹ́ ni níbí. Wọ́n sì ń pààrọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta àti èyí tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá. Nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀ lóṣù kejì lè ti kó kúrò níbẹ̀ lóṣù kẹrin. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbé rédíò lọ túnṣe nítorí ìyẹn.

Ní ti rédíò fúnra rẹ̀, tí bọ́tìnnì kankan kò bá dáhùn, ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá àmì kọ́kọ́rọ́ kékeré wà níbẹ̀. Wọ́n lè ti tì í pa kí ó má baà tanná fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ rí i pé SSB kò sí ní títàn. Àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé ni ìyẹn wà fún. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ìfé gígùn kan ni ẹ máa gbọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ olóòtú ètò. Rédíò yín lè wá ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbẹ́kẹ̀ lé e púpọ̀: ó máa ń fo èyí tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì máa ń dúró sórí ariwo ṣájà. Ẹ fọwọ́ yí i. Nọ́ńbà tó parí sí 0 tàbí 5 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ SW máa ń dúró lé, nítorí náà 7250, 7255, 7260, ẹ máa sún un bẹ́ẹ̀, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mejì, torí ohùn SW máa ń lọ, á sì tún máa bọ̀. Tí ilé iṣẹ́ méjì bá ń gún ara wọn, ẹ dín ìbú ìgbọ́ràn rẹ̀ (bandwidth) kù. Ohùn á ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á yé yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo rédíò olówó pọ́ọ́kú tó ní SW1 dé SW8, ti alábẹ́rẹ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ilé iṣẹ́ kan lè hàn níbi méjì lórí rẹ̀, tí àlàfo 910 kHz á sì wà láàárín wọn. Òjìji ni ọ̀kan. Èyí tó lágbára jù ló sábà máa ń jẹ́ ojúlówó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi lára jù rèé, nítorí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbà á gbọ́. Kì í ṣe pé rédíò bàbá yín dára ju tiyín lọ, ilé bàbá yín ló dákẹ́ ju tiyín lọ. Láyé ọjọ́un, gílóòbù onínáa pupa ni, fáànù, bóyá fíríìjì kan, kò sí èyí tó ń yọ SW lẹ́nu púpọ̀ nínú wọn. Lónìí, gílóòbù LED, ṣájà fóònù, ínfátà, ẹ̀rọ tó ń darí sólà, dẹkódà, tẹlifíṣàn, gbogbo wọn ló ní nǹkan kékeré kan nínú tó ń gé iná sí wẹ́wẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gígé yẹn ń tú ìgbì jáde, orí SW gan-an ló sì ń já sí. Ohùn tó rìn gba orí òkun kọjá dé Ṣakí ti rẹ̀ kó tó dé. Ká wá máa wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣájà ayédèrú, ó dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọta.

Bí ẹ ṣe máa mú ẹlẹ́jọ́ nìyí. Ẹ yọ rédíò kúrò lára ṣájà, kó máa lo bátìrì tirẹ̀. Ẹ gbé e sí nọ́ńbà kan tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, ẹ ti áńtẹ́nà wọlé kó ku díẹ̀ níta, kí ẹ wá máa gbé e rìn káàkiri ilé. Ẹ gbé e sún mọ́ gílóòbù, ẹ gbé e sún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e dé ìdí ínfátà. Ibi tí "ṣààà" bá ti di "gbrrr" tàbí "wíìì", ibẹ̀ ló wà. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ ní kí wọ́n pa súìṣì ńlá tó wà nídìí mítà fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ gbọ́ bí ilé ṣe máa dákẹ́. Tí ariwo bá ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá yọ, tó sì ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, sólà ni, ó sì lè jẹ́ ti aládùúgbò. Mo ti rí gílóòbù LED kan ṣoṣo, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ba gbogbo mítà 41 jẹ́ fún odindi ilé oníyàrá mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni SW máa ń já gaara jù, ìyẹn bí ará ilé kejì kò bá tíì tan jẹnẹrétọ̀.

Ariwo tí ẹ kò bá lè pa, ẹ sá fún un. Ẹ gbé àga lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Páànù orí ilé, irin wíńdò àti irin tó wà nínú ògiri bíríkì máa ń dí ìgbì lọ́nà, ariwo inú ilé sì ń dín kù pẹ̀lú gbogbo ìṣísẹ̀ tí ẹ bá gbé kúrò lára ògiri. Tó bá jẹ́ dandan kí ẹ wà nínú yàrá, ojú wíńdò ni, kì í ṣe orí tábìlì tí tẹlifíṣàn wà.

Áńtẹ́nà ara rẹ̀ ti tó fún ilé iṣẹ́ tó lágbára. Tí ẹ bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra wáyà onírọ́bà tín-ín-rín, mítà 5 sí 8. Ẹ bó orí rẹ̀ kan, ẹ wé e mọ́ ṣóńṣó ọ̀pá áńtẹ́nà, ẹ fa ìyókù gba ojú wíńdò, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀ka igi pẹ̀lú okùn ọ̀rá. Ẹ má jẹ́ kó gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ wáyà NEPA kọjá láé. Ẹ má sì fà á di mítà 30 nítorí pé wáyà ṣẹ́ kù; rédíò kékeré tí wọ́n bá bu ohùn fún jù máa ń da gbogbo ilé iṣẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Tí òjò bá ti ń ṣú, ẹ tú u kúrò. Kò dìgbà tí ààrá bá sán lu ilé yín kó tó jó ẹnu ọ̀nà rédíò náà.

Bátìrì inú rẹ̀, BL-5C ni, irú èyí tó wà nínú Nokia kékeré láyé ọjọ́sí, kò ní ṣòro rí ní Ṣakí. Èyí tó bá ti wú, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ fi ṣájà fóònù lásán gbá iná sí i, kí ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó fẹ́ gbọ́ SW.

Ó wá ku ohun tó wà níta láti gbọ́. Ẹ má retí gbogbo àwọn tí ẹ mọ̀ nígbà náà. Rédíò Holland ti kúrò lórí SW láti 2012. Jámánì ti gé tirẹ̀ kù gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń sọ èdè Hausa sí Áfíríkà. London ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè jẹ́ láti erékùṣù Ascension láàárín òkun Àtìláńtíìkì ni ẹ ti máa gbọ́ wọn. Láti 1966 ni ẹ̀rọ BBC ti wà níbẹ̀. Ẹ tún máa bá Faransé, Ṣáínà àti Vatican pàdé.

BBC Yorùbá kò sí lórí SW, Bàbá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2018, fóònù ni ẹ máa fi rí wọn. Lára àwọn tó ń sọ Yorùbá lórí ṣọ́ọ̀tù wéèfù ni Voice of Nigeria, tó ti wà láti 1961. Láti Lugbe ní Àbújá, 7255 kHz ni nọ́ńbà tí wọ́n ti ń lò tipẹ́. Ẹ wò ó ní ìdájí àti lálẹ́, kí ẹ mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí wọn kì í sí lórí afẹ́fẹ́.

Kí ẹ tó sùn, ẹ tún yí i sí MW (mídíọ̀mù wéèfù), ẹ wo 1566 kHz. Parakou ní ilẹ̀ Benin ni ìyẹn ti ń wá, ilé iṣẹ́ oníwàásù TWR, kò sì jìnnà sí yín rárá. Tí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀, ẹ má wulẹ̀ máa fa ọ̀pá áńtẹ́nà síwá sẹ́yìn. Áńtẹ́nà ti MW wà nínú ikùn rédíò, gbogbo ara rédíò ni kí ẹ máa yí díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi gòkè.