Ọgbẹ́ ti jinná, ìrora kò lọ

Àbúrò mi, okun o. Mo rí ohun tí o béèrè: ọkàdà gbé ọ ṣubú lọ́nà Ọbájáná, egungun kò kán, ọgbẹ́ òkè ọrùn ẹsẹ̀ ti di àpá, síbẹ̀ ibẹ̀ ń jó ọ lóru débi pé o kò lè fi aṣọ bò ó sùn. O ní o ti gbé paracetamol àti diclofenac mì títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ́, o wá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ẹ̀ ti ṣe ẹlòmíì rí. Ó ti ṣe mí.

Ọwọ́ ni tèmi. Aránṣọ ni mí ní Kàbbà. Gíláàsì fèrèsé ló fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó gé mi ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, níhà àtàǹpàkò. Wọ́n rán an, ó jinná dáadáa. Ìgbà tí àwọn ènìyàn kí mi kú ewu tán ni ìyà gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn fáànù ń dùn mí. Ọwọ́ bùbá ń dùn mí. Ẹ̀yìn àtàǹpàkò mi kú, n kì í mọ̀ bí nǹkan bá kàn án, àmọ́ gbogbo eteetí ibi tó kú yẹn ń ta mí wìnnìwìnnì tọ̀sán tòru. Bí mo bá di ibẹ̀ mú gírígírí, ó rọjú díẹ̀. Ìfọwọ́kàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kò ṣeé gbà. Aṣọ oníbàárà tí mo bá ń tì sábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì yóò rọra fara kan ibẹ̀, omi yóò bọ́ lójú mi.

Wọ́n ní ayé ló ń ṣe é. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ń gún mi lábẹ́rẹ́ lórí abẹ́rẹ́, nígbà tí kò ṣiṣẹ́ ó yọ tramadol síta. Ọpẹ́lọpẹ́ pé owó tán lọ́wọ́ mi.

Lọ́kọ́jà ni dókítà kan ti fi ìka kan ojú àpá náà pẹ́pẹ́. Iná mànàmáná ló gbà mí dé orí àtàǹpàkò. Ó ní awọ ara ti jinná, iṣan ìmọ̀lára tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ni kò tíì jinná. Ó ṣàlàyé pé irú iṣan bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá gé e, máa ń hù padà ní nǹkan bíi mìlímítà 1 lóòjọ́, àmọ́ ó lè ṣìnà níbi àpá, kó wá máa rán ìròyìn èké lọ sí ọpọlọ pé iná ń jó, nígbà tí iná kankan kò sí. Paracetamol àti diclofenac dára fún ìrora ara wíwú àti ti ọgbẹ́ tútù, ṣùgbọ́n agbára wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ká ìròyìn èké yìí.

Amitriptyline ló kọ fún mi, mìlígíráàmù 10, alaalẹ́. Ọkọ mi ka ìwé inú páálí, ó rí i pé oògùn àwọn tí ìbànújẹ́ ọkàn ń dà láàmú ni, ó wojú mi: “Ṣé wọ́n ní orí rẹ ti dàrú ni?” Ìtìjú fẹ́ mú kí n jù ú nù. Lóòótọ́, ìbànújẹ́ ọkàn ni wọ́n ṣe é fún láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń tu iṣan tó ń jó nínú. Kì í yá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí n tó mọ̀ pé mo ti ń sùn. Ẹnu mi gbẹ, orí mi wúwo láàárọ̀. Ìwọ tó ń gun ọkàdà, fi èyí sọ́kàn. Má lọ rà á fúnra rẹ o. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lù déédéé, ẹni tí ìtọ̀ ń há mọ́, ẹni tó ní glaucoma, ìyẹn àìsàn ojú kan, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó kọ ọ́. Má sì pò ó pọ̀ mọ́ tramadol.

Oògùn yẹn jẹ́ kí n sùn. Ohun tó dá ọwọ́ mi padà fún iṣẹ́, n kò retí ẹ̀ rárá.

Obìnrin tó ń ṣe físíò, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń dá ara padà sípò, ló bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe. Mo ní aṣọ ni mò ń rán. Ó rẹ́rìn-ín: “Oògùn yín wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ̀ ń gbá a dànù.” Àgékù aṣọ ló ń wí. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Ṣé ibi tí n kò jẹ́ kí ọmọ mi fọwọ́ kàn ni n óò máa fi aṣọ ra?

Báyìí la ṣe ṣe é. Sátíìnì ni mo kọ́kọ́ mú, torí pé ó ń yọ̀. N kò fi kan ojú àpá o. Láti ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, níbi tí kò ti dùn mí, ni mo ti ń fà á bọ̀ wá sí etí ibi tó ń ta, tí mo bá ti dé ibi tí mo ti ń fa ojú ro, n óò dúró níbẹ̀, n óò máa ra á síbẹ̀ títí ara yóò fi gbà á. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Nígbà tí sátíìnì kò jẹ́ nǹkan mọ́, mo bọ́ sí àǹkárá tí wọ́n ti fọ̀, lẹ́yìn náà àǹkárá tuntun tí sítáàṣì ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀yìn léèsì ló fojú mi rí màbo; àwọn òwú tó ta kókó yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń mọ̀ ọ́n. Àgékù aṣọ híhun tí wọ́n gbé wá fún mi láti Ògìdì ló kẹ́yìn. Mo tún máa ń ki ọwọ́ bọ inú abọ́ ẹ̀wà gbígbẹ, n óò máa rò ó kiri. Àwọn ọmọ ń bi mí pé kí ló sọnù síbẹ̀.

Físíò yẹn ní ọpọlọ ló ń tún ìmọ̀ kọ́, pé aṣọ ni aṣọ, kì í ṣe iná. Ó tún sọ ti Ronald Melzack àti Patrick Wall, àwọn méjì tó ṣèwádìí nípa ìrora, tí wọ́n kọ ọ́ ní 1965 pé ohun kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tí ìfọwọ́kàn lè fi dí ìrora lọ́nà kó tó dé ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ tá a bá fi kọ òkúta.

Wọn yóò sọ fún ọ pé kí o lọ ata mọ́ òrí, kí o fi pa á. Capsaicin tó wà nínú ata wà nínú ìpara kan tí wọ́n ń lò fún irú ìrora yìí lóòótọ́, òun náà ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, David Julius, fi wádìí bí ara ṣe ń mọ ohun gbígbóná, ìwádìí tó mú un wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Ṣùgbọ́n ti inú ìpara ní òṣùwọ̀n. Ti orí ọlọ kò ní. Yóò bó ọ lára.

Èmi ò ní í parọ́ fún ọ, kò tíì lọ tán. Bí ọyẹ́ bá mú, ó máa ń rán mi létí, n kò sì lè wọ ẹ̀gbà sí ọwọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mò ń ránṣọ, mo sì ń bora sùn.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, torí bó bá pọ̀ jù, òun náà máa ń ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́. Sì dá mi lóhùn lórí èyí: ṣé o lè gbé ìka ẹsẹ̀ yẹn sókè bíi ti èkejì? Ṣé àwọ̀ ibẹ̀ ti yí padà, àbí ó ń wú, ó ń làágùn ju èkejì lọ? Bí o kò bá lè gbé e, tàbí bí ibẹ̀ bá ti yí padà bẹ́ẹ̀, fi àgékù aṣọ sílẹ̀ ná, dókítà ni kí o kọ́kọ́ lọ rí lọ́sẹ̀ yìí.