Ṣé "ọ̀gá" nìkan la ní ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọmọ mi ń kọ àròkọ, gbogbo ẹni tó wà nípò ló ń pè ní "ọ̀gá". Ṣé kò sí ọ̀rọ̀ míì ni? Ìyá ọmọ kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ó wà o, ìyá wa, ó pọ̀ gan-an! Kó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tẹ́ni náà ń ṣe. Tó bá ń mójú tó iṣẹ́ àwọn míì, alábòójútó ni, tó bá jẹ́ òun ló ń ṣètò gbogbo ẹ̀, alákòóso, ti yunifásítì ni gíwá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé sì rèé, fóòmàn ni gbogbo èèyàn mọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń wọ ilé onílé, á ṣí ìdérí àmù, á tẹjú mọ́ omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ló di orúkọ ẹ̀, ẹ ò rí i pé ó dùn!

Ajẹ́lẹ̀ náà wà, ẹni tí Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn máa ń fi sí ìlú tó wà lábẹ́ wọn láyé àtijọ́, kó máa ṣọ́ ibẹ̀, kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má fi pe ọ̀gá iléèwé o, torí ìyà táwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn fi jẹ àwọn ará Èkìtì wà lára ohun tó fa ogun Kírìjì lọ́dún 1877.