Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ ajá di ajá ìrànlọ́wọ́

ÌBÉÈRÈ: Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Láti ìgbà tí jàǹbá ọkọ̀ ti ṣe é, orí wíìṣíà ló wà. A ní ajá Labrador kan, ọmọ ọdún méjì, tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo rí àwọn tó ń ta ìwé ẹ̀rí, káàdì àti ẹ̀wù ajá ìrànlọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èwo ni kí n sanwó fún, kí wọ́n má baà dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọkọ yín o. Ẹ má sanwó fún ìkankan nínú wọn.

Irú ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi lemọ́lemọ́, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi ìnira ẹlòmíràn pawó. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ní ibì kankan tí wọ́n ti ń forúkọ ajá ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀. ADA, òfin ọdún 1990 tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá, kò ní kí ẹnikẹ́ni mú ìwé ẹ̀rí tàbí ẹ̀wù wá. Iṣẹ́ tí ajá mọ̀ ọ́n ṣe ni òfin ń wò, iṣẹ́ pàtó tó jẹ mọ́ àìlera ẹni tó ni ín. Bí iṣẹ́ ajá náà kò bá hàn sójú, ìbéèrè méjì péré ni òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lè bi ọkọ yín: ṣé nítorí àìlera ni ajá yìí fi ń tẹ̀ lé yín? Iṣẹ́ wo ni ẹ kọ́ ọ? Wọn ò gbọdọ̀ bi í léèrè irú àìsàn tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn kejì bá jẹ́ "ó fẹ́ràn mi", wọ́n lè ní kí ajá dúró síta. Ní Texas tí Houston yín wà, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ẹni tó bá ń fi ajá tí a kò kọ́ wọlé bí ajá ìrànlọ́wọ́ lè san ìtanràn tó tó 1,000 dọ́là, kó sì tún fi wákàtí 30 ṣiṣẹ́ sin ìlú. Ẹni tó ta ẹ̀wù fún yín ò ní bá yín san án.

Òfin gbà kí ẹ kọ́ ọ fúnra yín. Ìgbọràn ló ṣáájú: kó lè dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì láìgbó, bí òórùn súyà tilẹ̀ ń lọ lókè orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kíkó nǹkan tó bá já bọ́. Ọ̀pọ̀ ajá ni kì í fẹ́ irin lẹ́nu, torí náà ẹ so awọ kékeré mọ́ kọ́kọ́rọ́. Gbàrà tó bá ti fi eyín di awọ náà mú, ẹ fún un ní ẹran wẹ́wẹ́. Tó bá ti mọ ìyẹn, ó di dandan kí kọ́kọ́rọ́ dé ọwọ́ kó tó rí ẹran gbà. Bó bá jù ú sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀, kò tíì ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọkọ yín ni kí ẹran náà ti máa wá, kì í ṣe ọwọ́ yín, torí òun ni ajá gbọ́dọ̀ máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ lè gbà tó ọdún kan ààbọ̀ sí méjì.

Kí ọkọ yín má ṣe gbára lé ẹ̀yìn ajá nígbà tó bá ń kúrò lórí wíìṣíà bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó lè ba ìbàdí ajá jẹ́, òun náà sì lè ṣubú. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ eegun rẹ̀ wò.

Òfin ọkọ̀ òfurufú àti ti ilé gbígbé yàtọ̀ sí èyí. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí ajá náà bá sì ń kùn mọ́ àlejò, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa bá yín gbélé, kí ẹ sì kọ̀wé sí Canine Companions, àjọ tó ń kọ́ ajá ìrànlọ́wọ́ fún àwọn akàndá ẹ̀dá, tí wọ́n ní ibùdó ní Irving, nítòsí Dallas. Wọn kì í gba owó ajá, àmọ́ ẹ máa ní láti dúró de tiyín.