Kí ló dé tí àwọ̀n mi ṣófo lọ́sàn-án?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fa àwọ̀n plankton (àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí omi ń gbé kiri) lórí koríko inú òkun lọ́sàn-án, ohun tí mo rí kò tó nǹkan. Ọ̀rẹ́ mi fà á lóru, ìgò rẹ̀ kún. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Ẹja ni. Ojú ni ọ̀pọ̀ ẹja fi ń ṣọdẹ, nítorí náà copepod (ẹ̀dá tíntìntín inú omi, ìbátan edé) àti ọmọ edé máa ń sá pamọ́ sáàárín ewé àti sínú iyanrìn lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á gòkè. Àwọ̀n olójú 0.2 mìlímítà ni mo fẹ́ràn fún copepod. Ewéko tíntìntín inú omi á gba ibẹ̀ jáde. Ẹ má wọ́ ọ nílẹ̀ o, àfi tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ lẹ fẹ́ kà!