Ìjókòó Ṣófo Níbi Ìje Ọkọ̀: Ẹ Má Dẹ́bi fún Ará Ìlú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló dé tí èrò fi máa ń dín kù níbi ìje Formula One láwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á? Ṣé wọn ò fẹ́ràn eré ọkọ̀ níbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí àwọn ará ìlú ni wọ́n sábà máa ń dẹ́bi fún. Lọ́dún 1986 tí ìje náà dé Hungary, lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì, nǹkan bíi 200,000 èèyàn ló ya bo pápá Hungaroring. Wọn ò sì ní ọmọ ìlú wọn kankan nínú àwọn awakọ̀ o! Ṣùgbọ́n ẹ̀bá Budapest ni pápá náà wà.

Ní ti South Korea, Yeongam ni wọ́n lọ kọ́ pápá sí, ó sì lé ní 300 kìlómítà sí Seoul. Ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 2010 ni ìje àkọ́kọ́; ọjọ́ 12 oṣù náà ni àwọn aṣàyẹ̀wò FIA, àjọ tó ń darí ìje ọkọ̀ lágbàáyé, tó fọwọ́ sí pápá. Ta ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, táá gba yàrá sílẹ̀, táá tọrọ àyè níbi iṣẹ́, nítorí ìje tí kò dá a lójú pé yóò wáyé? Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni wọ́n sá a níbẹ̀.

Owó gan-an ni gbòǹgbò rẹ̀. Ọdọọdún ni àwọn tó ń ṣètò ìje ń san owó ìgbàlejò fún àwọn tó ni Formula One. Owó tẹlifíṣọ̀n, àwọn onítọ̀hún ló ń gbà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó pátákó ìpolówó náà, tiwọn ni. Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù tí olùṣètò gbójú lé, ó sì di dandan kó wọ́n. Ní Íńdíà, nǹkan bíi 95,000 èèyàn ló wá lọ́dún 2011. Nígbà tó fi máa di 2012, wọ́n ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 65,000. Ní Shanghai, ní ilẹ̀ China, wọ́n fi aṣọ ìpolówó gbàràmù-gbaramu bo odindi apá ibi ìjókòó kan. Ọ̀ṣọ́ ni mo pè é nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, àfi ìgbà tí mo wò ó dáadáa tí mo rí i pé ìjókòó ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀.

Ti Singapore ló wù mí. Láti 2008, àárín ìlú ni wọ́n ti ń sá a, lálẹ́. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin lè sọ̀ kalẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló sì máa fi wo àwọn olórin lẹ́yìn ìje. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká ìjókòó lè ra èyí tí wọ́n fi ń dúró, kó máa rìn kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.