Psychologue tó ní ìwé àṣẹ ni mò ń wá fún ọmọ mi ní Paris

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Kétu, ní Benin, ni mo wà báyìí, èmi àti àwọn ọmọ wá lo ìsinmi ilé ìwé nílé, a ó padà sí Paris lópin oṣù kẹjọ. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, ni kò jẹ́ kí n sùn. Látìgbà tí ìyá mi ti kú lọ́dún tó kọjá ni kò ti fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í jẹun dáadáa, máàkì rẹ̀ sì ti já wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ká mú un lọ sọ́dọ̀ àlùfáà kó bá a ṣe tírà. Èmi ń wá psychologue, ìyẹn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, àmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, thérapeute rèé, coach rèé. Báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó? Owó rẹ̀ ńkọ́?
Ìyá Rashidath

Ìyá Rashidath, ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mí, Montreuil lẹ́bàá Paris ni mò ń gbé. Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní ọmọ ọdún 14, ojú wa rí irú èyí. Ẹnì kan tí wọ́n júwe fún mi gba 80 yúrò lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹfà. "Psychopraticien" ló kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé ní Faransé, ẹnikẹ́ni tó bá wù ló lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Psychologue" ni òfin ń ṣọ́, láti ọdún 1985. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ ti ka ìwé ọdún márùn-ún ní yunifásítì, kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. RPPS ni wọ́n ń pe nọ́ńbà rẹ̀ báyìí. ADELI ni tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà yẹn kí ọmọ tó jókòó, kí ẹ sì wá orúkọ ẹni náà nínú Annuaire Santé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ fa ọmọ yín lọ́wọ́, kí ẹ máa lọ.

Ní ti owó, ẹ wo Mon soutien psy, ètò ìjọba tó ń bá èèyàn san owó psychologue. Ìgbà 12 lọ́dún, 50 yúrò lẹ́ẹ̀kan, Assurance maladie, ìyẹn ìbánigbófò ìlera ti ìjọba, ń san 60 nínú 100, mutuelle, ìyẹn ìbánigbófò àfikún, á sì san ìyókù. Látọdún 2024, ẹ ò nílò lẹ́tà dókítà mọ́. CMP àdúgbò yín, ìyẹn ilé ìtọ́jú ọpọlọ ti ìjọba, kì í gba kọ́bọ̀, àmọ́ ẹ lè tò fún oṣù mélòó kan.

Ibi tó ran ọmọ tèmi lọ́wọ́ jù ni ibi tí wọ́n ti gbà mí láyè láti sọ èdè wa. Maison de Solenn, ní ọsibítù Cochin, jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ní ìjókòó kan tí wọ́n ń pè ní transculturelle, tí òbí lè fi èdè abínibí rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ògbufọ̀ máa túmọ̀ rẹ̀. Mùsùlùmí ni wá. Ọjọ́ tí bàbá mi kú ní Àjàṣẹ́ náà ni ẹbí sin wọ́n. Èmi nìkan ni mo wọkọ̀ òfuurufú, mo sì ti débẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Mi ò sọ nǹkan kan fún ọmọ ju pé "bàbá àgbà ti lọ". Ọjọ́ tí mo fi Yorùbá sọ bí bàbá mi ṣe kú níbi ìjókòó yẹn, ojú ọmọkùnrin mi ni ẹkún ti kọ́kọ́ bọ́. Ó ní òun rò pé a ò fẹ́ kí òun mọ̀ ni. Ọdún kan gbáko ló fi gbé e sínú.

Ẹ má bá ẹ̀gbọ́n ọkọ yín jà. Kí àlùfáà ṣàdúà, kò dí psychologue lọ́wọ́. Àmọ́ kí ẹ má torí àdúà sún ọjọ́ síwájú. Bó bá sì di ọjọ́ kan tí ọmọ yín sọ pé ayé ti sú òun, ẹ pe 3114, nọ́ńbà àwọn tó ń dènà ìpara-ẹni ní Faransé, lójú ẹsẹ̀, tọ̀sán tòru ni, ọ̀fẹ́ sì ni.

Kétu tí ẹ wà yìí, ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n sin màmá sí, bó bá gbà. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe kú fún un. Kí ẹ sì ti ibẹ̀ pe CMP yín láàárọ̀ ọ̀la, kí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé kí ẹ tó dé.