Ìtumọ̀ "sọ́rì" tí a ń sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ

Ọmọbìnrin kan láti Ọ̀fà béèrè ìdí tí àwa Yorùbá fi máa ń sọ "sọ́rì" fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, nígbà tó jẹ́ pé kì í ṣe àwa la tì í. Wọ́n ti sọ fún un pé àṣìlò Gẹ̀ẹ́sì ni, pé ẹni tó bá sọ ọ́ ti gba ẹ̀bi sórí ara rẹ̀. Àlàyé yìí máa ń bí mi nínú, nítorí ẹni tó ń ṣe é kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì délé, kò sì ro Yorùbá dénú.

Láti inú sārig ti èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni sorry ti wá, sārig náà sì wá láti ara sār, tó túmọ̀ sí ìrora. "Ó dùn mí" ni ọ̀rọ̀ náà ń wí láti ìpilẹ̀. Ẹ̀yìn ni ìtọrọ àforíjì tó wọ̀ ọ́. Òyìnbó fúnra rẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ fún ẹni tí bàbá rẹ̀ kú, kò sì sẹ́ni tó ń bi í bóyá òun ló pa òkú.

Ipò pẹ̀lẹ́ ni sọ́rì gbà lẹ́nu wa. Ní tèmi, pẹ̀lẹ́ yìí àti pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí a fi ń gbé ohun ẹlẹgẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìyá àgbà tó tọ́ mi ń mọ ìkòkò ní Òkèlélé, nílùú Ìlọrin. Lọ́jọ́ kan, mo ń gbé ìkòkò lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ sun ún, mo fẹsẹ̀ kọ òkúta, ìkòkò sì fọ́ wómúwómú. "Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́!" ni wọ́n ń wí bọ̀, àtàǹpàkò mi tó bó ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n tó bojú wo àfọ́kù. Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀, tí mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ẹni tí kò ṣẹ̀ ló sọ pẹ̀lẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀.

Ìyàwó ilé kan tó wà nítòsí náà sọ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni sọ òkò ló ṣe sọ ọ́. Ìyá àgbà wò ó, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo." Èyí tó tutù, tí a fà, tó kan ibi tó ń dunni, abo nìyẹn. Èyí tó le, tó ń bi ọ́ bóyá o fọ́jú ni, akọ ni. Ohùn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tí kò bá sì ní etí fún ohùn kò lè túmọ̀ pẹ̀lẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ kú ewu" wà fún ẹni tí orí kó yọ, "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" sì wà fún ẹni tó sìnkú. N kò ní fa ìyẹn gùn. Ohun tó dùn mí ni pé sọ́rì ti fẹ́ gbé gbogbo wọn mì. Nílé ọ̀fọ̀ kan níbí, àwọn ọ̀dọ́ tò síwájú opó, wọ́n ń wí "sọ́rì mà" lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó fi "kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ wọn" kún un. Ìyá náà ṣì ń wo ẹnu wọn, ó ń retí ìyókù.